Bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń gba àyè nínú átọ́ọ̀mù: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe lẹ́sìn kẹ́místìrì fáwọn ọmọ SS1 dé SS3 n'Ìjẹ̀bú-Òde, orí kókó yìí làwọn ọmọ ti máa ń há jù. Kì í ṣe pé ó kọjá agbára wọn o, wọ́n kàn ní kí wọ́n há 2, 8, 8, 2 (iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan) sórí ni láìsọ ìdí ẹ̀ fún wọn, tó bá wá dórí ọ̀rọ̀ 4s àti 3d (orúkọ àwọn àyè tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń wọ̀), gbogbo ohun tí wọ́n há sórí á bẹ̀rẹ̀ sí í ta kora. Mo ti kó ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jọ síbí, tàwọn tó ń fi tiwọn ránṣẹ́ sórí fóònù láti Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìpẹru náà wà níbẹ̀, tàwọn òbí náà wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń kà á, ẹ fi ìbéèrè kan ṣoṣo sọ́kàn: ibo ni ẹ́nájì ti kéré jù? Tẹ́ ẹ bá ń bi ara yín níyẹn ní gbogbo ìgbà, ẹ ò ní nílò kẹ́ ẹ há nǹkan púpọ̀ sórí.

Kí ni energy level gan-an?

Àárín átọ́ọ̀mù ni núkílíọ́ọ̀sì wà, inú ẹ̀ ni prótọ́ọ̀nù àti nútírọ́ọ̀nù wà. Cháájì prótọ́ọ̀nù jẹ́ pọ́sítíìfù, ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jẹ́ négátíìfù, torí náà núkílíọ́ọ̀sì ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ra. Ibi tó ti yani lẹ́nu ni pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà nínú átọ́ọ̀mù ò lè ní iye ẹ́nájì tó bá ṣáà ti wù ú, iye kan pàtó-pàtó ló lè ní, kò sí agbedeméjì. Niels Bohr, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló gbé èyí jáde lọ́dún 1913. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá Ijebu-Ode Grammar School sílẹ̀, ẹ lè fìyẹn rántí ẹ̀.

Ẹ wo háídírójìn tó ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan péré. Ní level kìíní, ẹ́nájì ẹ̀ jẹ́ -13.6 eV, ní ìkejì ó jẹ́ -3.4 eV, ní ìkẹta ó jẹ́ -1.51 eV. (eV kan ni ẹ́nájì tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan máa rí tí fólítì kan bá tì í.) Àmì mínọ́ọ̀sì yẹn máa ń da àwọn ọmọ láàmú. Ohun tó ń sọ ni pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà wà ní ìdè, ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá tó fún un ní 13.6 eV kó tó lè já kúrò lára átọ́ọ̀mù náà pátápátá. Torí náà -13.6 ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, òun ni ẹ́nájì ẹ̀ kéré jù. Ẹ tún wo àlàfo tó wà láàárín wọn: láti ìkíní sí ìkejì, 10.2 eV ni, àmọ́ láti ìkejì sí ìkẹta ò tó 2 eV. Bá a ṣe ń gòkè sí i làwọn level ń sún mọ́ra sí i, ẹ má gbàgbé èyí o, torí òun ló máa fàyè gba wàhálà 4s àti 3d tá a máa bá pàdé níwájú.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń yí núkílíọ́ọ̀sì po bó ṣe wà nínú àwòrán ìwé wa?

Rárá. Àwòrán róbótó-róbótó yẹn wúlò tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka iye, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Látìgbà tí Erwin Schrödinger ti gbé ìṣirò ẹ̀ jáde lọ́dún 1926 la ti mọ̀ pé a ò lè tọ́ka sí ojú ọ̀nà kan ká ní ibẹ̀ ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbà, ibi tó ṣeé ṣe ká ti bá a nìkan la lè sọ. Àyè yẹn ló ń jẹ́ orbital. Oríṣi mẹ́rin la máa lò, s, p, d àti f. Ti s rí róbótó yíká núkílíọ́ọ̀sì, ti p ní apá méjì tí núkílíọ́ọ̀sì wà láàárín wọn, ti d àti f díjú jùyẹn lọ. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ya shell (orúkọ míì fún level tá a sọ lókè) nínú ìdánwò, ẹ ya róbótó yín, kò sẹ́ni tó máa gba máàkì lọ́wọ́ yín torí ẹ̀.

Ibo ni 2, 8, 18, 32 ti wá?

Fọ́múlà ẹ̀ ni 2n², n ni nọ́ńbà shell. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Shell kìíní ní s nìkan, òun là ń pè ní 1s. Ìkejì ní s àti p. Ìkẹta ní s, p, d. Ìkẹrin ní s, p, d, f. S ní orbital kan, p ní mẹ́ta, d ní márùn-ún, f ní méje, orbital kọ̀ọ̀kan sì ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà s ń gba 2, p ń gba 6, d ń gba 10, f ń gba 14. Ẹ ro wọ́n pọ̀ fúnra yín: 2, lẹ́yìn náà 2+6, lẹ́yìn náà 2+6+10, lẹ́yìn náà 2+6+10+14. Òun náà nìyẹn.

Kí ló dé tí orbital kan ò lè gbà ju méjì lọ?

Òfin Wolfgang Pauli ni, ọdún 1925 ló gbé e jáde, òun náà ló sì gba ẹ̀bùn Nobel torí ẹ̀ lọ́dún 1945. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan nínú átọ́ọ̀mù ní nọ́ńbà mẹ́rin tá a fi ń dá a mọ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ orbital tó wà, ìkẹrin ni spin, spin ò sì lè jẹ́ nǹkan míì ju +½ tàbí -½. Pauli ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì nínú átọ́ọ̀mù kan ò gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan náà láéláé. Tí wọ́n bá wà nínú orbital kan náà, mẹ́ta ti bára mu nìyẹn, spin nìkan ló kù tí wọ́n lè fi yàtọ̀, ọ̀nà méjì péré sì ni spin ní. Ibẹ̀ ni méjì ti wá.

Ó máa ń wù mí kí ọmọ dúró díẹ̀ síbí kó rò ó. Tí ò bá sí òfin yìí, gbogbo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ì bá rọ́ wọ 1s, torí ibẹ̀ ni ẹ́nájì ti kéré jù. Kò ní sí shell kejì, kò ní sí ìkẹta, kò ní sí pé sódíọ́ọ̀mù ń yọ̀ǹda ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fún chlorine kó di iyọ̀ ọbẹ̀. Nǹkan méjì ló ń jà nínú gbogbo átọ́ọ̀mù: ẹ́nájì fẹ́ kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, Pauli ní ibẹ̀ ti kún, ẹni tó kù kó wá àyè míì lókè. Ìjà méjèèjì yìí ló kọ periodic table.

Ètò wo ni wọ́n ń tẹ̀ lé tí wọ́n bá ń wọlé?

Láti ibi tí ẹ́nájì ti kéré jù lọ sókè, òun ni ìwé yín ń pè ní Aufbau. Ètò náà rèé: 1s, 2s, 2p, 3s, 3p, 4s, 3d, 4p, 5s, 4d, 5p, 6s, 4f, 5d, 6p, 7s, 5f, 6d, 7p.

Ọ̀pọ̀ tíṣà ló máa ń ya ọfà tó dagun fún èyí, ó dáa, kò sí àléébù níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn n + l jù, torí ọmọ tó bá gbàgbé bí ọfà ṣe lọ nínú hall ìdánwò ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́, ẹni tó mọ n + l lè tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti s, l jẹ́ 0, ti p jẹ́ 1, ti d jẹ́ 2, ti f jẹ́ 3. Ẹ fi l kún nọ́ńbà shell, èyí tí àròpọ̀ ẹ̀ bá kéré ló ń kọ́kọ́ kún. 4s jẹ́ 4+0, ìyẹn 4. 3d jẹ́ 3+2, ìyẹn 5. Torí náà 4s ló ń ṣíwájú. Tí àròpọ̀ bá dọ́gba bíi ti 3d àti 4p tí méjèèjì jẹ́ 5, èyí tí nọ́ńbà shell ẹ̀ kéré ló ń lọ ṣáájú. Ẹ dán an wò fúnra yín lórí 6s, 4f àti 5d.

Tíṣà, ẹ ní shell kẹta ń gba 18, kí ló wá dé tí potásíọ́ọ̀mù fi jẹ́ 2, 8, 8, 1, tí kì í ṣe 2, 8, 9?

Ọmọ tó bá bi mí ní ìbéèrè yìí, inú mi máa ń dùn sí i gan-an, torí ó túmọ̀ sí pé ó ń ronú, kò kàn ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì máa ń ní in lọ́kàn tí wọ́n á máa bẹ̀rù láti béèrè.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti argon, nọ́ńbà 18 (ìyẹn prótọ́ọ̀nù 18, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 18): 1s² 2s² 2p⁶ 3s² 3p⁶ (nọ́ńbà kékeré tó wà lókè ni iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù). 2, 8, 8 nìyẹn. Nínú shell kẹta, 3d ṣì ṣófo pátápátá, àyè mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Potásíọ́ọ̀mù wá mú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọkàndínlógún wá. Ó ní ibi méjì tó lè wọ̀, 3d àbí 4s. Ibo ni ẹ́nájì ti kéré jù?

Tó bá jẹ́ háídírójìn ni, 3d ló wà nísàlẹ̀, torí nínú háídírójìn nọ́ńbà shell nìkan ló ń pinnu ẹ́nájì. Ṣùgbọ́n potásíọ́ọ̀mù ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 18 tó ti wà nílé kí ìkọkàndínlógún tó dé, àwọn wọ̀nyí sì ń dínà mọ́ núkílíọ́ọ̀sì, wọn ò jẹ́ kí ẹni tó wà lóde rí gbogbo agbára prótọ́ọ̀nù 19. Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyí: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú 4s, òótọ́ ni pé ọ̀nà jíjìn ló máa ń wà jù, ṣùgbọ́n apá kan àyè ẹ̀ gba inú lọ títí dé ẹ̀gbẹ́ núkílíọ́ọ̀sì, níbi tí àwọn 18 yẹn ò ti lè dí i lójú mọ́, ó ń rí ìfàmọ́ra tó lágbára níbẹ̀. 3d ò rí bẹ́ẹ̀, kì í fẹ́ẹ̀ dé tòsí núkílíọ́ọ̀sì rárá, ẹ̀yìn àwọn 18 ló máa ń wà ní gbogbo ìgbà, ohun tó ń rí nínú prótọ́ọ̀nù 19 ò ju nǹkan bíi ẹyọ kan lọ. Àlàfo tó wà láàárín shell kẹta àti ìkẹrin ti kéré tẹ́lẹ̀, ẹ rántí ohun tí mo sọ lókè, torí náà ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ tí 4s rí yìí tó láti mú un sọ̀ kalẹ̀ kọjá 3d. Bó ṣe di 4s¹ nìyẹn.

Ẹ̀rí wà o. Láti yọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kìíní kúrò lára potásíọ́ọ̀mù, 419 kJ/mol ni (iye ẹ́nájì tó máa ná wa fún mole átọ́ọ̀mù kan). Láti yọ ìkejì, 3,052 kJ/mol. Tó bá jẹ́ 2, 8, 9 ni lóòótọ́, tí mẹ́sàn-án wà papọ̀, kí ni ì bá mú kí yíyọ èkejì le tó báyẹn? Ọ̀kan ló dá wà lóde, àwọn tó kù wà nínú.

Kálísíọ́ọ̀mù ló tẹ̀ lé e, nọ́ńbà 20, 4s², ìyẹn 2, 8, 8, 2. Òun ló wà nínú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ṣágámù tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. 4s ti kún báyìí, torí náà láti scandium, nọ́ńbà 21, 3d bẹ̀rẹ̀ sí í gba tiẹ̀, nígbà tó bá fi máa dé zinc, nọ́ńbà 30, shell kẹta ti pé 18.

Kí ni òfin Hund?

Tí orbital bá pọ̀ tí ẹ́nájì wọn sì dọ́gba, bíi mẹ́ta inú p, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù máa kọ́kọ́ wọ̀ wọ́n, spin gbogbo wọn á kọjú síbì kan náà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní méjì-méjì. Ẹ wo àwọn ọmọ yunifásítì tó ń gba ilé l'Ágọ̀-Ìwòyè: tí yàrá mẹ́ta bá ṣófo tí owó ẹ̀ dọ́gba, kò sí ọmọ tó máa lọ bá ẹlòmíì gbé nínú yàrá kan nígbà tó lè dá tiẹ̀ ní, ìgbà tí yàrá bá tán ni wọ́n tó ń wá ẹni tí wọ́n á jọ gbé. Ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, cháájì wọn ló ń mú kí wọ́n máa lé ara wọn. Àmọ́ tí owó yàrá ò bá dọ́gba ńkọ́? Ìyẹn ni 2s àti 2p, ẹ́nájì wọn ò dọ́gba, torí náà 2s gbọ́dọ̀ kún méjì kí 2p tó bẹ̀rẹ̀. Ibi táwọn ọmọ ti máa ń gbé e gbòdì nìyí, wọ́n á fi ọ̀kan sí 2s, wọ́n á fi ọ̀kan sí 2p, wọ́n á ní Hund ló sọ bẹ́ẹ̀. Hund ò sọ bẹ́ẹ̀ o.

Náítírójìn jẹ́ 2p³, mẹ́ta nínú yàrá mẹ́ta. Ọ́ksíjìn jẹ́ 2p⁴, ẹnì kan ti ní ẹnìkejì. Prótọ́ọ̀nù ọ́ksíjìn pọ̀ ju ti náítírójìn lọ, ó yẹ kó ṣòro láti yọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára ẹ̀ ju ti náítírójìn, àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n wọ̀n: náítírójìn 1,402 kJ/mol, ọ́ksíjìn 1,314. Ti ọ́ksíjìn ló rọrùn jù. Àwọn méjì tó há mọ́ra nínú orbital kan ń ti ara wọn, lílọ ọ̀kan sì di ìrọ̀rùn.

Kí ló ṣe kírómíọ́ọ̀mù àti bàbà tí wọn ò tẹ̀ lé ètò?

Kírómíọ́ọ̀mù, nọ́ńbà 24, ẹ máa rò pé 3d⁴ 4s² ni, àmọ́ 3d⁵ 4s¹ ni. Bàbà, nọ́ńbà 29, jẹ́ 3d¹⁰ 4s¹, kì í ṣe 3d⁹ 4s². Ìdáhùn tí WAEC ń wá ni pé d tó kún dé ìdajì tàbí tó kún pátápátá máa ń dúró dáadáa. Ẹ kọ bẹ́ẹ̀, ẹ gba máàkì yín. Àmọ́ ẹ má gbà á sí òfin tí kì í yẹ̀ o, torí tungsten wà nísàlẹ̀ kírómíọ́ọ̀mù nínú group kan náà (òpó kan náà nínú periodic table), 5d⁴ 6s² ló ṣe tiẹ̀. Palladium tiẹ̀ kó gbogbo ẹ̀ sí 4d¹⁰, kò fi ẹyọ kan sí 5s. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ́nájì s àti ti d tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ti sún mọ́ra débi pé nǹkan kékeré ló ń yí i sápá kan, bí wọ́n ṣe ń lé ara wọn wà níbẹ̀, iye àwọn tí spin wọn kọjú síbì kan náà wà níbẹ̀.

4s ló kọ́kọ́ wọlé, kí ló tún dé tó jẹ́ òun ló kọ́kọ́ ń jáde?

Irin la máa fi wò ó. Nọ́ńbà 26, [Ar] 3d⁶ 4s² ([Ar] dúró fún ètò argon tá a kọ lókè). Tó bá sọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì nù, 3d⁶ ló kù, Fe²⁺ nìyẹn, kì í ṣe 3d⁴ 4s². Tó bá tún sọ ọ̀kan nù, 3d⁵, Fe³⁺, òun ló wà nínú ìpẹtà pupa tẹ́ ẹ máa ń rí lórí páànù àwọn ilé àtijọ́ n'Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìdí ẹ̀ ni pé ipò 3d àti 4s kì í ṣe nǹkan tó dúró sójú kan. Ní potásíọ́ọ̀mù, 4s ló wà nísàlẹ̀. Àmọ́ bí prótọ́ọ̀nù ṣe ń pọ̀ sí i, 3d tó wà ní tòsí núkílíọ́ọ̀sì ju 4s lọ ń gba ìfàmọ́ra náà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, nígbà tó fi máa di scandium, ó ti kọjá sísàlẹ̀ 4s. Ẹ wá máa bi mí pé, kí ló dé tí méjì ṣì fi wà ní 4s? Torí àyè 3d kéré, àwọn tó bá wọ ibẹ̀ há mọ́ra, wọ́n ń lé ara wọn gidigidi, tẹ́ ẹ bá ro ẹ́nájì gbogbo átọ́ọ̀mù náà pọ̀, ó kéré jù tí méjì bá ṣì wà lóde ní 4s. Tí ẹnì kan bá wá máa kúrò, ẹni tó wà lóde tí ìdè ẹ̀ ò le púpọ̀ ló ń lọ. Ẹ ṣe é lákìíyèsí pé ìbéèrè kan náà la ṣì ń béèrè, ẹ́nájì gbogbo átọ́ọ̀mù pọ̀ la kàn ń wò, kì í ṣe ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo.

Ta ló rí àwọn level yìí rí? Báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe àròsọ?

Ìmọ́lẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń se ìkọ́kọrẹ́ lórí gáàsì, tí ìkòkò bá hó dànù sórí iná, ẹ ó rí i pé iná aláwọ̀ búlúù yẹn á di yẹ́lò lójijì. Iyọ̀ ló fà á. Ìparí sódíọ́ọ̀mù ni 3s¹, ooru iná ń gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn sókè sí 3p, kò lè pẹ́ níbẹ̀, tó bá já bọ́ padà sí 3s, ẹ́nájì tó gbà, nǹkan bíi 2.1 eV, á jáde bí ìmọ́lẹ̀ 589 nm (gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà ní nánómítà), àwọ̀ yẹ́lò nìyẹn. N'Íkorodù ni o, ní Yúróòpù ni o, sódíọ́ọ̀mù ò mọ àwọ̀ míì, torí àlàfo 3s sí 3p ò yí padà. (Iná àtùpà kẹrosíìnì tó jẹ́ yẹ́lò látilẹ̀ yàtọ̀ o, eruku dúdú tó ń gbóná nínú iná ló fa ìyẹn.) Bàbà ń mú àwọ̀ ewé wá, potásíọ́ọ̀mù ń mú àwọ̀ àlùkò tó ṣàn wá. Bí wọ́n ṣe rí ìlà yẹ́lò kan nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn nìyẹn lọ́dún 1868 tí ò bá ti sódíọ́ọ̀mù mu, hílíọ́ọ̀mù ni, ó di 1895 kí William Ramsay tó rí i láyé níbí.

Ẹ̀rí kejì ni títú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò bí mo ṣe ṣe é fún potásíọ́ọ̀mù. Ti sódíọ́ọ̀mù: àkọ́kọ́ 496 kJ/mol, ìkejì 4,562. Ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ibi tí iye bá ti fò báyẹn, shell tuntun lẹ ti wọ̀.

Mo gbọ́ pé góòlù kì bá ti jẹ́ yẹ́lò, ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ torí àwa Ìjẹ̀bú àti góòlù, ẹ lọ wo ọrùn àti ọwọ́ àwọn régbérégbé l'Ójúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Góòlù jẹ́ nọ́ńbà 79, ìparí ẹ̀ ni 5d¹⁰ 6s¹. Fàdákà wà lórí ẹ̀ gan-an nínú group kan náà, 4d¹⁰ 5s¹. Kí ló wá dé tí ọ̀kan funfun tí èkejì yẹ́lò?

Prótọ́ọ̀nù 79 yẹn ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú lọ́hùn-ún débi pé eré tí 1s ń sá ju ìdajì eré ìmọ́lẹ̀ lọ, tí nǹkan bá sì ti ń sáré tó báyẹn, ìṣirò Einstein gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ohun tó jáde ni pé àwọn orbital s, títí kan 6s, súnkì wọlé, ẹ́nájì wọn sọ̀ kalẹ̀, ti 5d sì lọ sókè díẹ̀, àlàfo láàárín méjèèjì wá kéré. Nínú fàdákà, àlàfo 4d àti 5s fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò lè rí ló lè gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọjá, torí náà gbogbo àwọ̀ tá à ń rí ló ń dá padà, ó ń dán funfun. Nínú góòlù, ìmọ́lẹ̀ búlúù ti tó, góòlù á gbé búlúù mì, ohun tó dá padà sójú wa ni yẹ́lò. Àlàfo ẹ́nájì lẹ ń wò lára ẹ̀gbà ọrùn yẹn.

Ṣé ètò yìí ti wá nǹkan rí fún ayé, àbí ìdánwò nìkan ló wà fún?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1920 sókè, nọ́ńbà 72 ṣì ṣófo nínú periodic table. Àwọn kan ń wá a láàárín àwọn rare earth (àwọn ẹ́límẹ́ǹtì tí 4f wọn ń kún). Bohr wo bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń kún, ó ní 4f ń gba 14, ó ti kún ní nọ́ńbà 71, torí náà 72 ò lè jẹ́ rare earth mọ́, á jọ zirconium. Dirk Coster àti George de Hevesy wá a nínú òkúta zirconium ní Copenhagen, wọ́n sì bá a níbẹ̀ lọ́dún 1923. Hafnium nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ètò mọ ibi tó yẹ kó wá nǹkan sí.

Ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, kí ló kàn án nínú 3s àti 4s?

Mọ́mì, ó kàn án gan-an. Sódíọ́ọ̀mù ń sọ 3s¹ nù ó ń di Na⁺, potásíọ́ọ̀mù ń sọ 4s¹ nù ó ń di K⁺, wíwọlé jáde àwọn méjèèjì yìí ni iṣan ara fi ń ránṣẹ́, òun náà sì ni ọkàn fi ń lù. K⁺ ní shell kan ju Na⁺ lọ, ó tóbi jù ú, ìyàtọ̀ yẹn sì wà lára ohun tí ara fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Tí potásíọ́ọ̀mù bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ọkàn lè dúró. Ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ dáadáa, ẹ jọ̀ọ́.

Nínú ìdánwò, ṣé 3d ni kí n kọ́kọ́ kọ àbí 4s?

Èyí tó bá wù ẹ́, [Ar] 3d⁶ 4s² àti [Ar] 4s² 3d⁶ ò yàtọ̀. Èmi máa ń ní kí wọ́n kọ 3d ṣáájú, torí ẹni tó ń lọ máa wà lẹ́yìn, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ ti Fe²⁺, ẹ kàn máa gé e kúrò lẹ́yìn ni. Ion (átọ́ọ̀mù tó ti gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tàbí tó ti sọ ọ́ nù): ẹ ka cháájì. Cl⁻ ti gba ọ̀kan, 17 di 18, ó di 2, 8, 8. Na⁺ ti sọ ọ̀kan nù, 11 di 10, 2, 8. Ẹ ka àpapọ̀ gbogbo nọ́ńbà òkè yín kẹ́ ẹ tó fi síwèé, kò gba ìṣẹ́jú kan, ọmọ tó mọ̀ ọ́n ń pàdánù máàkì torí pé kò kà á.

Ibo ló parí sí?

Nọ́ńbà 118, oganesson, ni èyí tó ga jù tí wọ́n tíì ṣe, 7p⁶ ló parí sí, shell keje ń tilẹ̀kùn níbẹ̀. Wọn ò tíì rí 119 ṣe. Tí wọ́n bá ṣe é, ẹ ṣe n + l fún 8s, kẹ́ ẹ ṣe é fún 5g náà, l ti g jẹ́ 4, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi èyí tó máa ṣíwájú.